Obìnrin Ilé Wa Kì Í Ké

Ìyá ọkọ mi bí ọmọ méje, kò sì sí èyí tó ké lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adjamé, nínú ìlú elédè Faransé tí a ń gbé, bí oníbàárà bá ti fojú kan ikùn mi, á ta aṣọ fún un tán, á wá fi ìtàn ìrọbí ṣe èènì.

Èmi náà ò fẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn láti pa ìrora ìrọbí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ìrora náà lọ. Nítorí náà ni mo ṣe lọ kọ́ bí a ṣe ń mí lọ́dọ̀ agbẹ̀bí kan ní Marcory. Ó ní ká máa rìn, ká máa kúnlẹ̀, ká sì jẹ́ kí ohùn máa bá èémí jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn. Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ń kùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìyá ọkọ mi fi etí gèlè bojú.

“Ìyàwó, ṣé màlúù ni ẹ́ ni? Obìnrin ilé wa kì í ké. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ti ọ̀lẹ nìyẹn. Igbe, ti ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Tó bá dé, ki etí ìró bọ ẹnu. C'est tout, ó parí.”

Bí ẹni pé àlejò ni ìrọbí, tí a gbọ́dọ̀ fi ọ̀wọ̀ gbà. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, ọkùnrin tí eyín ríro lásán máa ń gbé dùbúlẹ̀.

Nígbà tó dé lóòótọ́, takisí gbé èmi àti ìyá ọkọ mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tó sún mọ́ ilé wa ní Niangon. Àwọn obìnrin tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ké, wọ́n ń pe ìyá wọn, wọ́n ń bú ọkọ wọn. Ìyá ọkọ mi ń yínmú sí wọn. Èmi ki etí ìró bọ ẹnu. Mo ń mí, èémí náà sì ń ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohùn tó yẹ kó bá a jáde ni mo ń gbé mì.

Agbẹ̀bí kan wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. “Toi, ça chauffe pas encore. Faut attendre.” Ó ní tèmi ò tíì gbóná, kí n dúró. Ẹni tó ń pariwo jù ló mú wọlé. Igbe ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó kàn níbẹ̀, èmi tí mo gbọ́ràn wá di ẹni ẹ̀yìn.

“O káre, ìyàwó mi,” ni ìyá ọkọ mi wí, ó sì ń fi mí yangàn fún obìnrin tó jókòó tì í. Inú bí mi gan-an. Ọmọ ti ń bọ̀, ìró wà lẹ́nu mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fà mí dìde, ó ní kí n má dójú ti òun. Ìgbà náà ló rí orí ọmọ.

Obìnrin ilé wa ké. “Yéè! Ẹ gbà mí o! Venez! Venez vite!” Ó ké títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀. Igbe yẹn ló lé àwọn agbẹ̀bí jáde, wọ́n sì tẹ́wọ́ gba ọmọ mi kó tó kan sìmẹ́ǹtì.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó dìde láàárín èrò: “Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ pìn-ín lẹ́nu ìyàwó mi.” Òótọ́ ni. Mo gbé ọmọ mọ́ra.

Ní báyìí, àbúrò ọkọ mi obìnrin ti lóyún, ìyá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí a ṣe ń gé ìró jẹ. Mo pè é sí kọ̀rọ̀.

“Ọkọ mi,” ni mo wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ilé, “ẹ kọ́ èémí, ẹ kọ́ ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dé, ẹ ké. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ rántí pé igbe màmá yín ló gba ọmọ tèmi là.”