Òkú Ìkòyí Nínú Gíláàsì

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, láyé ìjọba ológun, tí àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ hú òkú obìnrin kan nítòsí Ìkòyí-Ilé. Wọ́n tẹ́ eegun rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Ọ̀yọ́, wọ́n tan iná lé e lórí. Inú mi dùn. Èmi tí mo rò pé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́n tán, mo ń sọ kiri pé ìlú wa náà ti lajú.

Nígbà tí mo gba ìsinmi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá, ìyá ìyá mi, ọmọ Ìkòyí tó ń ta obì ní Sábó. Lọ́jọ́ kejì, ó kírun àárọ̀ tán, ó ní kí n mú òun débẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì náà. “Ẹ kú ilé, ìyá. A ò mọ̀ pé ìhòòhò lẹ wà.”

Àwọn ọmọ iléèwé tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. Màmá lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn gbé òkú náà lọ sin.

“Ìyá, ẹ̀kọ́ ni. Kò lẹ́bí mọ́. Ṣé ẹ mọ orúkọ ẹ̀ ni?”

“Ìyá tó bí bàbá ńlá yín ńkọ́, ọ̀gá? Bí ẹ ò bá mọ orúkọ tiwọn, ṣé ká lọ hú wọn?”

Ọ̀gá pe ọlọ́dẹ kó sìn wá jáde.

Nínú mọ́tò, Màmá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. “Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Wọ́n ti sọ obìnrin yẹn di àgàn.”

Títí ó fi kú ló ń rán àwọn àgbà ẹbí lọ bẹ àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Àwọn yẹn á ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìntì, ọ̀gá tuntun kan ránṣẹ́ pé àwọn ti rí i pé kò dára kí a máa pàtẹ òkú èèyàn, kí a wá gbé e. Nígbà tí mo débẹ̀, ó mú mi wọ yàrá ẹrù kan tí páálí tí wọ́n kó eegun sí kún dé àjà. Òjò tó ń jò láti òrùlé ti nu gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára.

“Ọ̀kan nínú wọn ni, mà,” ló wí fún mi. “Ẹ mú èyíkéyìí.”

Mo padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn ẹbí ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀ dè mí ní Ìkòyí-Ilé. A kó erùpẹ̀ padà sínú ihò òfo náà. Títí dòní, bí a bá ń kọjá níbẹ̀, a máa ń yà fún un, bí ẹni pé èèyàn wà nísàlẹ̀.