Ẹ̀ka Tí Ìyá Mi Ń Ránṣọ Fún

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fẹ́ gbin igi páìnì méjì sẹ́nu géètì wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé, mo ní mi ò fẹ́. Ó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọjọ́ orí ti ń jẹ́ kí Màmá máa bá ewéko jà. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi, kó wá jókòó dáadáa.

Yábàá ni wọ́n ti tọ́ mi, nígbà tí èèyàn ṣì ń gbọ́ igbe ọ̀pọ̀lọ́ níbi tí ilé alájà wà báyìí. Akọ̀wé ni bàbá mi nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń padà sílùú wọn, ló bá fún un ní igi kékeré kan nínú agolo kẹrosíìnì. Bàbá mi gbé agolo náà lé orí kẹ̀kẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kan, ó ń di igi mú lọ́wọ́ kejì. Ó gbìn ín síwájú ilé. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, èso rẹ̀ le bí igi, atẹ́gùn ò sì lè kọjá nínú rẹ̀ kó má mí fúù bí ẹni tó rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò. Bàbá mi máa ń dúró tì í lẹ́yìn ìsìn Sunday, pẹ̀lú bàtà dídán, bí ẹni pé òun ló bí i.

Ìbejì ni wá, obìnrin méjì. Ẹnìkejì mi ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ sì mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ ọ́: ẹni tó bá ṣáájú nínú ìbejì, èyí tó kù nínú ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Nítorí náà, èmi tí mo gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán an níṣẹ́.

A jọra débi pé bàbá tó bí wa máa ń wo ọrùn aṣọ wa kó tó pe orúkọ. Ìyá mi ló dá ọgbọ́n yẹn. Aṣọ kan náà ló máa ń rán fún wa, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n òwú pupa ló fi ń ṣe ọrùn tèmi, òwú búlúù ló fi ń ṣe ọrùn ti ẹnìkejì mi. Níléèwé, orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n ń pè wá. Nílé, orúkọ tí a mú ti ọ̀run wá ni.

A jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Wọ́n ní wọn kì í sunkún ìbejì tó bá lọ, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Ìyá mi ò sunkún lóòótọ́. Ó kàn jókòó sójú kan bí ẹrù tí wọ́n gbé sílẹ̀ ni.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wá láti Iléṣà. Kò tíì bọ́ ìborùn rẹ̀ tó fi kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá Ìbejì, ère ọmọ yìí ńkọ́?"

Bàbá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, onígbàgbọ́ ni wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ò ní gbà á."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló bí ìbejì ni? Ọ̀kan kì í jẹun kí èkejì máa wò. Ẹ fún ọmọ mi ní nǹkan tó máa gbé lọ́wọ́."

"Igi lásán ni, Ìyá. A ò lè máa wẹ̀ fún igi."

"Mo mọ̀ pé igi ni," ni Ìyá àgbà wí. "Òun náà á mọ̀ pé igi ni. Ìdí tí a fi ń gbẹ́ ẹ nìyẹn."

Bàbá mi ò gbà. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà létòlétò ni, kí wọ́n má sì rí i fín ní ìjọ. Ìyá àgbà di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí ẹ̀ka yẹn tó hù. Ó hù lára igi páìnì bàbá mi, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé wa, níbi tí orí ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń dé. Àwọn ẹ̀ka yòókù na apá gbọọrọ, èyí ká jọ sójú kan: ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lórí ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ó kúkúrú, ó ki, bí irun ọmọ tí wọn ò tíì yà. Àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Àwọn aládùúgbò ní àfòmọ́ ni. Bàbá mi gbé gíláàsì wọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Kì í ṣe àfòmọ́," ló wí. "Ewé àfòmọ́ máa ń yàtọ̀ sí ti igi tó bá lẹ̀ mọ́. Ewé igi yìí náà nìyí. Igi náà fúnra rẹ̀ ló bí i."

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ní kí ni?" Bàbá mi tún un sọ. Òun kan náà ló tún ń béèrè nígbà tó yá pé ta ló fi sí ìyá mi lọ́kàn pé ọmọ ni.

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ dé ìdí igi. Ìyá mi se ẹ̀wà fún mi, ó bu díẹ̀ sínú àwo kékeré, ó gbé e síbẹ̀. Ẹyẹ jẹ ẹ́, ó ní ọmọ ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló rán aṣọ. Ó ra kaliko, ó wọn ara mi, ó gé méjì. Èyí tó ní òwú pupa, ó fún mi. Èyí tó ní òwú búlúù, ó wọ̀ ọ́ fún ẹ̀ka náà, ó fa ẹ̀ka wẹ́wẹ́ méjì gba ojú apá rẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn dé, aṣọ náà gbé apá sókè. Mo sá wọlé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Igi yẹn á mí fúù, ìyá mi á dá a lóhùn láti ibi tó ti ń ṣa ìrẹsì: "Mò ń bọ̀, fara balẹ̀." Èmi á wà nítòsí rẹ̀, mo lè fọwọ́ kan ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wò mí nígbà tó bá ń sọ ọ́. Mo máa ń ronú pé èmi gan-an kọ́ ni mo kù sílẹ̀, pé ẹnìkejì mi ló wà láyé, èmi ni mo ń rìn kiri tí wọn ò rí.

Bàbá mi gbé àdá jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àrùn igi ni, pé bí a bá gé e kúrò, igi á tún ara rẹ̀ ṣe. Ìyá mi bọ́ sí àárín òun àti igi, ó ṣí ọrùn sílẹ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bàbá mi gbé àdá padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn." Kò tún dá sí i mọ́. Ó kàn ṣíwọ́ dídúró níwájú ilé lọ́jọ́ Sunday.

Ohun kan tí mi ò mọ̀ nípa igi nígbà náà ni pé orí rẹ̀ ló ń lọ sókè, ibi tí ẹ̀ka bá ti hù náà ló ń wà. Mo ń ga, ẹ̀ka yẹn ò kúrò lójú kan. Ẹnìkejì mi dúró sí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tèmi ni ìyá mi fi ń rán aṣọ rẹ̀, torí pé ìbejì kì í yàtọ̀. Nítorí náà, aṣọ ń gùn sí i lọ́dọọdún lára ohun tí kò ga. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, etí aṣọ náà ti ń wọ́ nílẹ̀.

Ọdún yẹn ni ibà mú èmi náà. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án gangan, bàbá mi wà níbi iṣẹ́, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo pe ìyá mi títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo rá pálá dé ojú fèrèsé, mo rí i níta. Ó na agbòòrùn bo ẹ̀ka náà, òjò ń lu òun fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún un pé, "Má bẹ̀rù, mo wà níbí."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ni kó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mo kórìíra ẹ̀ka yẹn lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra ọmọ tó wà nínú rẹ̀, ọmọ ìyá mi tí mo fúnra mi rán wáyé.

Ara mi yá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi lọ sọ́jà, mo mú àdá bàbá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára ẹ̀ka, mo ká a sílẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ ìdí. Igi náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Ó gbà mí tó ogún ìgbà kó tó já, oje rẹ̀ sì ta sí mi láyà, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ mi, ó ń rùn bí tapẹ́ntáìnì. Mo wọ́ ẹ̀ka náà lọ sí ààtàn. Nígbà tí mo padà, mo wo ara mi, ẹ̀rù bà mí pé ìyà á jẹ mí nítorí aṣọ. Aṣọ kejì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo bọ́ tèmi, mo wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n mi ni.

Bí ìyá mi ṣe bá mi nìyẹn: ẹ̀ka ti lọ, èmi dúró níbi tó wà, òwú búlúù lọ́rùn mi. Agbọ̀n bọ́ lórí rẹ̀. Tòmátì yí kiri nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó pe orúkọ ẹnìkejì mi.

Mo dáhùn. Mo ní, "Mà." Títí dòní, mi ò lè búra pé ohùn mi ló jáde.

Ó gbá mi mọ́ra, ó ń gbóòórùn irun mi. "Níbo lo lọ láti ọjọ́ yìí? Níbo lo lọ?" Mi ò rántí ìgbà tó ti fọwọ́ kàn mí báyẹn kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ẹnu mi ò yadi. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣì wà lára mi, mi ò sì fẹ́ kó gbé e kúrò. Mo ní, "Ó ti lọ, Màmá."

Ìyá mi tí kò sunkún rí bú sẹ́kún. Ó fi orúkọ mi sunkún, ó ń kì mí, ó ń sọ bí mo ṣe gbọ́n tó, bí mo ṣe máa ń gbá ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán mi. Mi ò mọ̀ pé ó rí gbogbo ìyẹn. Mo dúró, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún mi, inú mi sì dùn.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi dé. Ó rí igi, ó rí ìyá mi tó ń jẹun bí èèyàn. Ó wo ọrùn aṣọ mi, ó wo ojú mi pẹ́. Ó mọ̀. Mo ń dúró kó pè mí ní orúkọ mi, nítorí bó bá ti pè é, gbogbo rẹ̀ á parí. Ó mí kanlẹ̀. Ó fi orúkọ ẹnìkejì mi rán mi pé kí n bu omi wá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá mi wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn o, ojú rẹ̀ sì là kedere.

Ìyá mi yá gágá. Ó padà sí ẹgbẹ́ akọrin, ó ń tajà, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá àgbà wá ní Kérésìmesì, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ìwọ wo nìyí?" Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí odó.

"Ère ni mo ní kí wọ́n gbẹ́," ló wí. "Ọmọ ni wọ́n gbẹ́." Ó ń gbọ́ orin ìyá mi láti ibi ìdáná. Òun náà ò sọ fún un.

Ojú ọgbẹ́ igi yẹn sun oje fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ó san. Bàbá mi gé igi náà lulẹ̀ lọ́dún tí mo lọ sílé ọkọ, ó ní gbòǹgbò rẹ̀ ti ń wọ abẹ́ ilé. Òun àti Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Ìyá mi ló pẹ́ jù láyé. Títí ó fi mí èémí ìkẹyìn, orúkọ ẹnìkejì mi ló ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo ṣí àpótí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Aṣọ ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, láti ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́wàá dé ìwọ̀n àgbàlagbà. Gbogbo wọn ni mo mọ̀, torí mo ti wọ ẹnìkejì wọn gbó. Òwú pupa ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni ò sì wọ̀ wọ́n rí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ èyí tó kẹ́yìn. Ó bá mi mu wẹ́kú. Mo dúró níwájú dígí, mo ń retí kí ẹnì kan pè mí. Kò sí ẹni tó kù láyé tó mọ orúkọ ẹni tí wọ́n rán aṣọ náà fún.