Ìyá Àmì àti Ìpàdé Gbogbo Olóko

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń kó obìnrin yìí nírìíra jù láyé, ẹ má wulẹ̀ ronú kan aáyán tàbí ilé ìyàgbẹ́ tí wọn kò fọ̀. Ẹ ṣí ìkànnì ìpàdé kan lórí fóònù, kí ẹ wá ọjọ́ ìpàdé títí, kí ẹ má rí i. Fọ́tò alága ni yóò kọ́kọ́ yọ, ti igbákejì alága yóò tẹ̀ lé e, òdòdó yóò máa já bọ́ látòkè láìnídìí, orin yóò sì bú jáde bí ìgbà tí wọ́n ń lé èèyàn. Bí ó bá ti rí irú rẹ̀, yóò yọ ṣùtì, yóò sì ti fóònù náà sẹ́yìn bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ tó ti kan.

Iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Ìkànnì ayélujára fún àpérò àti ìpàdé ló ń ṣe, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rán ìrọ̀rí. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, àti àga oníbàárà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó fi páálí tì. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni fóònù àtijọ́ kan wà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò sí ìkànnì tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ ṣí lórí fóònù yìí. Bí ó bá ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, tí ojú ìwé kò tíì ṣí, ó di dandan kí ó yọ nǹkan kúrò.

Ó máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹni tó bá ṣí ìkànnì ìpàdé, nǹkan mẹ́ta ló ń wá: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, ọjọ́ wo, ibo. Ẹ jẹ́ kó rí i kó tó mí lẹ́ẹ̀kejì. Kó wá rí ibi tó máa tẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀. Ìyókù, ẹ̀ṣọ́ ni."

Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láìní àmì ohùn lórí àti àmì ìdí nísàlẹ̀. Àwọn kan ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìmọ́tótó iṣẹ́. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, àádọ́ta ọdún ló fi ro oko. Ẹ̀wà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìyá tó bí i fi lé e lọ́wọ́, ẹ̀wà pupa tí ojú rẹ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní Kò-dúró-dòjò, nítorí bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, yóò so. Kò sí ẹlòmíì tó tún ní in. Ṣùgbọ́n orúnkún bàbá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣú, ọdún méjì ni kò fi gbin nǹkan kan. Àpò kan ló kù nínú ilé.

Bàbá sọ fún un pé, "Bí kò bá wọlẹ̀ lọ́dún yìí, kò ní hù mọ́. Ọ̀dá ń bọ̀, mo sì mọ ohun tó lè bá a jà. Bá mi wá àwọn àgbẹ̀. Kí n bu ife kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí n tó lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wá gbé iṣẹ́ ìkànnì ìpàdé ọdọọdún wọn fún Ìyá Àmì. Àgbẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ní orúkọ yẹn ń rùn fún òógùn. Olóko ló níyì. Ìpàdé Gbogbo Olóko ni yóò jẹ́, orí ọ̀rọ̀ sì ni Ìtọ́jú Oko àti Ọ̀rọ̀ Ọ̀dá. Ìyá Àmì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún bàbá òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pèpéle. Ó gbà. Inú obìnrin náà dùn débi pé ọjọ́ mẹ́ta ló fi parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkànnì náà mọ́, ó fúyẹ́, kíkà mẹ́rin péré ló ṣí lórí fóònù àtijọ́.

Akọ̀wé wá wò ó. Ẹ̀pà díndín ló ń jẹ, ó sì fi ìka olóròóró náà tẹ ojú kọ̀ǹpútà.

"Ìyá Àmì, kí ni gbogbo ìdọ̀tí yìí?"

"Ìdọ̀tí wo, ọ̀gá?"

"Èyí tó wà lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àfi bíi pé eṣinṣin ṣu sí i."

"Àmì ohùn ni. Tí a bá yọ ọ́, ẹni tó bá kà á lè pè é ní nǹkan mìíràn."

"Ta ni ò mọ olóko? Ẹ yọ gbogbo ẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀, kó mọ́ tónítóní. Ẹ sì gbé fọ́tò alága síwájú, kó gba gbogbo ojú ìwé."

"Ọjọ́ àti ibi tí ìpàdé ti máa wáyé ńkọ́?"

"Ẹ kọ ọ́ sára fọ́tò náà, níbi bàtà wọn."

Ìyá Àmì wo òróró tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà, ó ní òun ò lè ṣe é. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó gbọn èèpo ẹ̀pà dà sílẹ̀, ó ní, "Ṣé bàbá yín ṣì fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn? Àwọn tó ń wá àyè pọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó rántí àpò ẹ̀wà nínú ilé, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tu ìyẹ́ adìyẹ. Nígbà tó ṣí i lórí fóònù àtijọ́, fìlà alága yọ, iwájú orí rẹ̀ yọ, ó dé àgbọ̀n, ó dúró síbẹ̀. Kò dé bàtà. Ìyá Àmì ti fóònù náà mọ́nú dúrọ́ọ̀. Ó ní kò burú, àwọn àgbẹ̀ á gbọ́ lẹ́nu ara wọn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, èrò kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́. Ó mú bàbá jókòó níwájú pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan, inú rẹ̀ sì fẹ́ máa rọ̀. Ó yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Apá ibo ni oko yín wà?"

"Oko kẹ̀? Akérò ni mí. Ọkọ̀ méjì ni mo ní."

Ó wo ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ló ń jó lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ òsì. Ọkùnrin kan gbé páálí tí wọ́n kun oríṣiríṣi àwọ̀ sí lọ́wọ́, ó ń fi han àwọn èèyàn. Ìyá Àmì ka àkọlé ìkànnì náà fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́: IPADE GBOGBO OLOKO. ITOJU OKO ATI ORO ODA. Ìpàdé gbogbo ọlọ́kọ̀. Ìtọ́jú ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n máa kan ìtọ́jú ọkọ? Tèmi ti ń ṣe wérewère láti ọdún tó kọjá."

Ó wá àgbẹ̀ kiri, kò rí ẹyọ kan; irú fóònù àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí bàtà alága. Alága àti Akọ̀wé nìkan ló kù, orí ìwé sì ni oko tiwọn wà. Ó sáré bá Akọ̀wé nídìí pèpéle, ó ṣàlàyé fún un. Ẹyọ ẹ̀pà kan lẹ̀ mọ́ eyín ọkùnrin náà. Ó ní, "Ṣé èrò ò kún ni?"

Wọ́n ti pe bàbá. Wọ́n fà á gòkè, ó tú ẹnu àpò, ó bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbìn ín, bí wọ́n ṣe ń fi eérú pa á mọ́ kí kòkòrò má wọ̀ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ tó dùn, àwọn èèyàn sì tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni oní-páálí yẹn nàwọ́.

"Bàbá, ọ̀dà wo lẹ rò pé ó dáa jù?"

"Ọ̀dà kẹ̀? Ọ̀dá ni mo wí. Ọ̀dá! Kí òjò má rọ̀."

"Á à. Ti ọkọ̀ làwa ń sọ o, bàbá."

Bàbá yí ojú rẹ̀ tó ti ṣú kiri gbọ̀ngàn náà. Ó ní, "Àwọn tó jẹ́ àgbẹ̀ nínú yín, ẹ dá mi lóhùn. Mi ò ríran dáadáa."

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan ló ń dún. Bàbá da ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ó di ẹnu rẹ̀ ní kókó méjì. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ máa rọra wakọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́nà ilé ló tó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ta ló kọ ọ́ tí wọ́n fi kà á báyẹn?"

Ó lè dárúkọ Akọ̀wé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo yọ àmì orí ẹ̀."

"Ìwọ kẹ̀? Ìyá Àmì?"

A kì í fini jẹ àwòdì ká má lè gbádìyẹ. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá gbé àpò náà lé e lọ́wọ́, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ń kó Ìyá Àmì nírìíra bí ó bá gbé e lé kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó, ó ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo. Kò fi fọ́tò ẹnikẹ́ni sí i. Orúkọ ẹ̀wà náà ló kọ sókè, ó kọ ohun tó ń ṣe lásìkò ọ̀dá, ó kọ ibi tí wọ́n ti lè wá gba ife kan lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ni. Àmì pé sórí rẹ̀. Kíkà méjì, ó ti ṣí lórí fóònù àtijọ́. Ọwọ́ Akọ̀wé nìkan ni nọ́ńbà fóònù gbogbo àwọn àgbẹ̀ wà, nítorí náà ó gbé ojú tà, ó fi ránṣẹ́ sí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun pín in.

Ọ̀sán ni èsì dé. Akọ̀wé ní èrò tó wá sí ìpàdé ọdún yìí kò láfiwé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ìkànnì tọdún tó ń bọ̀ rí. Ó ní òun rí ti ẹ̀wà náà, ó dára, òun á pín in, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ nu àwọn ìgbẹ́ eṣinṣin yẹn kúrò lórí rẹ̀.

Ìyá Àmì kà á tán, ó tutọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Àpò ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú kókó méjì lẹ́nu rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ tó yẹ kó bá ẹ̀wà náà nínú ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kán sórí páànù.