Tíṣà Oyèbánjí àti Ọwọ́ Kòkòrò

Kò sí àgbà kan ní Kábà tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Tíṣà Oyèbánjí sọ dókítà di kòkòrò.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ni. Tíṣà, tó ti fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kíkọ́ sílẹ̀, fi pákó gígùn kan ti ojú fèrèsé ọsibítù ní dàgẹ̀rẹ̀, ó da omi ọṣẹ sí i, ó sì ní kí Dókítà Ọpẹ́dayọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í kọ̀ sí àgbà lẹ́nu, dùbúlẹ̀ lé e.

"Pákó yìí ni àpò ìtọ̀," ó wí fún èrò. "Dókítà ni kòkòrò tó ń mú kí ìtọ̀ máa ta èèyàn. Dókítà, ẹ di irin fèrèsé mú!"

Ó da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lé e. Dókítà kò mira. Tíṣà wá gbé iṣu sí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó gbé òmíràn sí tòsì, ó tún da omi. Dókítà yọ̀ wọ̀ọ̀ dé inú ẹrẹ̀, tiṣu-tiṣu.

"Ẹ rí i? Kò kú o! Ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú àpò ìtọ̀!"

Agatha, ìyàwó Tíṣà, ni àrùn yìí ń bá fínra. Bó bá lo kápúsù, ara á yá. Bó ṣe díẹ̀, àrùn á padà, kápúsù àná kò sì ní ràn án mọ́. Tíṣà ní pípa tí wọ́n ń pa kòkòrò ló ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

"Èèmọ́ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ, ṣé pípa là ń pa á? Ẹ jẹ́ ká wá ohun tí kòkòrò máa dì mú dípò ara èèyàn. Ìtọ̀ á gbá a lọ!"

Bí gbogbo Kábà ṣe ń sáré lọ sí Lọ́kọ́ja, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun náà, láti wá ipò, Tíṣà ń wá ohun tí yóò há sí kòkòrò lọ́wọ́. Ó gbà pé ṣúgà kan ni. Ó se ìrèké, ó se èèpo ọsàn, ó se èso kajú tí wọ́n kó wá láti Ìyàmoyè, ó pò wọ́n pọ̀.

"Mu ún, Agatha."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu ún, Bàbá Mary."

Ó mu ún. Ká tó ṣẹ́jú, inú ti ń kùn, Tíṣà ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń di ṣòkòtò mú. Agatha pariwo tẹ̀lé e: "Bàbá Mary, ẹ wá nǹkan mìíràn dì mú o!"

Ẹ̀rín dá lọ́jọ́ tí ibà gbé Agatha dè, tó ń gbọ̀n, tí kò dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Tíṣà da ìkòkò nù, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ bá Dókítà. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó lè pa kòkòrò náà, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Tíṣà lọ dúpẹ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ pa wọ́n, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ní kí ẹ pa wọ́n."

Ó kú láìrí ṣúgà náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, Agatha náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò tíì gbọ́ tèmi," ó ní. "Nígbà tí ìtọ̀ ń ta mí, bí mo bá ti wọ ilé ìtọ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ni Bàbá Mary ń jókòó sí, tí á máa pa àlọ́ fún mi kí n má baà sunkún." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Nígbà mìíràn, mo ti tọ̀ tán tipẹ́. Mo kàn jókòó síbẹ̀ kí n lè gbọ́ ìparí àlọ́ náà ni."