Ayálégbé Tó Ń Fa Iṣan Ẹsẹ̀ Adìẹ

Tí mo bá ti ń kun adìẹ, ayálégbé wa ní Fìdítì ni mo máa ń rántí. Á gba ẹsẹ̀ adìẹ lọ́wọ́ mi, á fa iṣan inú rẹ̀, ìka rẹ̀ á sì ká wọlé bíi pé adìẹ náà ṣì wà láàyè. Àyà mi a já.

Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá, iṣan ni o, kì í ṣe iwin!"

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn: wọ́n ń fi adìẹ wá oògùn tí yóò kọ́ ẹran ara bí yóò ṣe máa so iṣan tó já fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àdá gé iṣan gìgísẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi lóko, tí ọsibítù rán an tán, bàbá na ẹsẹ̀ náà sí ayálégbé wa, wọ́n ní:

"Fi oògùn adìẹ yẹn sí mi lẹ́sẹ̀. Ebè ń dúró dè mí."

Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ máà bínú, Bàbá. Tí a bá ti kọ́ ẹran ara níṣẹ́, a ò tíì mọ bí a ṣe lè ní kó dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ń bà mí."

Òun náà ń bẹ̀rù!

Láràárọ̀, kó tó wọ mọ́tò Ìbàdàn, ayálégbé wa á bá bàbá na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Èmi a dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè wò ó. Tí bàbá bá ti ṣíwọ́ ìkérora, ńṣe ni mo máa ń rò pé iṣan náà tún ti já nìyẹn.