Abẹ́ Ẹní Mi

Òórùn ẹní tuntun tí mo rà fún ọmọ mi lọ́jà Igbó ló dá mi padà sí yàrá ìyá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan dé láti Jámánì, tòun ti tíṣà tó ń bá a túmọ̀. Ó ń wá sàréè baba ńlá rẹ̀, káfíńtà tó wá ṣiṣẹ́ níbí, tí kò padà sílé mọ́. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá a ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, kò rí i.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń sin baba ẹ̀ síta?"

Ó mú wọn wọ yàrá, ó ká ẹní mi. Sìmẹ́ńtì tútù tí mo máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé nígbà ooru nìyẹn. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á. Ó béèrè bóyá ẹ̀rù kì í bà mí.

"Kí ló fẹ́ ba Àbẹ̀kẹ́ mi lẹ́rù? Ṣé baba ńlá tiẹ̀ náà kọ́ ni?"

Mo rò pé ó kàn ń pọ́n àlejò lé ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ibi tí ìyá àgbà ti mú àwọ̀ pupa rẹ̀.

Ìyá àgbà àti obìnrin náà di ẹní mi mú létí, wọ́n rọra tún un tẹ́, bí ẹni ń fi aṣọ bo ẹni tó ń sùn.