Kẹ̀kẹ́ Bàbá Onílé Tó Rán Yunifọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá jókòó tì mí díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí ẹsẹ̀ mi kán, iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí n ráyè. Lónìí ṣá, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátápátá.

Télọ̀ ni mí. Iwájú ilé tí a yá gbé ní Ìgàndò, lójú ọ̀nà tó lọ sí Egan, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn nígbà yẹn, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Èmi àti Tómiwá ọmọ wa, tó ṣì kéré gan-an, la jọ máa ń wà nílé.

Lọ́dún yẹn, ilé ìwé aládàáni kan ní Egan gbé yunifọ́ọ̀mù wọn fún mi rán. Gbogbo rẹ̀ o! Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún télọ̀ tó jẹ́ pé bùbá kan lónìí, síkẹ́ẹ̀tì kan lọ́la, ló ń rí rán? Màdáàmù tó ni ilé ìwé náà kó aṣọ wá nígbà ìsinmi gígùn, ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ kankan wọ aṣọ ilé wá lọ́jọ́ ìwọlé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo gé gbogbo aṣọ náà, ó ku ká máa rán an pọ̀.

Ni mo bá lọ ra bọ́tìnnì àti òwú ní Ìkòtún.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, ọlọ́kadà tó gbé mi fẹ́ yà fún adágún omi kan, ló bá já sí kòtò. A ṣubú. Ìgbọ̀nwọ́ tiẹ̀ bó díẹ̀. Èmi ni ọ̀kadà wó lé lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán, orúnkún òsì sì wú bí iṣu. Òwú tí mo rà tú káàkiri títì, ẹ sì wo ìwà èèyàn, òwú yẹn ni mò ń pariwo pé kí wọ́n bá mi ṣà!

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi POP di ẹsẹ̀ ọ̀tún láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì wé orúnkún òsì. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ohunkóhun títí òun á fi ní ó yá. Mo bi í bóyá máṣíìnì ìránṣọ wà lára ohunkóhun yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá òun ni kó ṣáájú gbogbo rẹ̀.

Ẹ ó ní, ṣebí máṣíìnì oníná wà? Ó wà! Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jóná kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ní sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, tó ń fi "ọ̀la, ọ̀la" dá wa lóhùn. Mo ránṣẹ́ sí àwọn télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn náà ní yunifọ́ọ̀mù tiwọn tí wọ́n ń bá jà. Ta ló fẹ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀ wá ran tèmi lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé mi jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ nà gbọọrọ sórí àpótí, aṣọ gígé kún orí tábìlì bí òkè. Mò ń wò ó, ó ń wò mí. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ṣàídì bá mi.

Ìyá Ṣàídì ló ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ohùn rẹ̀ a sì máa borí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbé ògì àti àkàrà wá kí mi, ó wò mí, ó wo aṣọ, ó ní, "Ìyá Tómiwá, ẹkún kì í rán aṣọ o. Nu ojú rẹ."

Ló bá na ọwọ́, ó di wíìlì orí máṣíìnì mú, ó ní kí n ti aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ń fọwọ́ yí i, èmi ń darí aṣọ. Ó rán! A rán apá kan ṣẹ́ẹ̀tì tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó dákú. Àwọn oníbàárà sì ti ń pariwo níta, "Ìyá ẹlẹ́rọ o! Ata wa ńkọ́?"

Ó jáde lọ, àmọ́ kò pẹ́ tó tún yọjú. Ó tẹjú mọ́ bẹ́líìtì máṣíìnì mi.

Ó ní, "Bẹ́líìtì kan náà ni jàre. Tèmi, ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. Tìrẹ, ẹsẹ̀ ló ń fà á. Ẹsẹ̀ ẹlòmíì la ń wá."

Mo ní kí a kúkú so máṣíìnì mọ́ ẹ́ńjìnnì ata. Ó wò mí bí ẹni tí POP ti gun orí rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì yẹn á gbé èmi àti máṣíìnì já sí Ìyànà Ìpájà! Ó ní òun mọ ohun tí òun ń rò, kí n mú sùúrù.

Lẹ́yìnkùlé ilé wa, kẹ̀kẹ́ ológeere Bàbá Onílé fara ti ògiri. Ó ti dógùn-ún, táyà ti tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá fúnra rẹ̀ máa ń fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló fi ń lọ sóko nígbà tí gbogbo ibi tí ilé kún lónìí ṣì jẹ́ igbó, òun ló sì fi gbé ìyàwó rẹ̀, tó ti dolóògbé, wọ ilé. Gbogbo àwa ayálégbé la mọ ìtàn náà, nítorí pé kì í sú u láti sọ.

Kẹ̀kẹ́ yìí ni Ìyá Ṣàídì ní òun fẹ́ lọ tọrọ!

Èmi ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ bá Bàbá, kó má di pé wọ́n ní ká kó jáde. Ó ti lọ. Òun àti Múfútáù, ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà tó ń jó irin ní ìkángun àdúgbò, ni wọ́n jọ mú Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ṣàlàyé fún un: wọ́n á gé iwájú kẹ̀kẹ́ náà kúrò, wọ́n á jó irin mọ́ ọn kó lè dúró lójú kan, ẹnì kan á máa wà á, bẹ́líìtì á sì máa yí máṣíìnì mi.

 Bàbá wo ẹsẹ̀ mi. Ó wá bi Múfútáù bóyá kẹ̀kẹ́ náà á tún lè rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Múfútáù wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní tàn yín. Kò ní lè rìn mọ́."

 

Bàbá wá ní, "Kẹ̀kẹ́ tí ò lè gbé èèyàn mọ́, ẹ jẹ́ ó gbé iṣẹ́. Ẹ gé e."

Ó yí padà, ó sì wọlé lọ. Kò jáde títí Múfútáù fi parí gígé rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo irin láti ibi tí mo jókòó, mo sì mọ ohun tó ná Bàbá.

Ẹ má rò pé ó ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà o! Wọ́n gé rọ́bà tíúbù àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n so ó pọ̀ ṣe bẹ́líìtì gígùn, wọ́n fi kọ́ ara wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àti wíìlì máṣíìnì. Brother Fẹ́mi, ayálégbé ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó tún ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ló kọ́kọ́ gùn ún. Ó wà á bí ẹni tí ajá ń lé! Máṣíìnì mi ké, ó mì tìtì, abẹ́rẹ́ kán, òwú sì ta kókó bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo pariwo "Dúró!" Kó tó dúró, ẹ̀wù ọmọ ọlọ́mọ ti bàjẹ́.

Mo ní ó tó. Mo ní kí a dá aṣọ padà fún oníṣẹ́, kí n tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

 Ìyá Ṣàídì fi ọwọ́ wọn wíìlì kẹ̀kẹ́, ó wọn ti máṣíìnì, ó ní, "Eléyìí tóbi jù, ìyẹn kéré jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré." Ó lọ síbi ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú púlì kékeré kan, wíìlì tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀, tí kò lò mọ́ wá. Múfútáù yọ wíìlì ńlá yẹn, ó jó púlì náà sí ipò rẹ̀.

Brother Fẹ́mi tún gùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ń jáde, kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo wo ojú rírán náà. Ó gún régé! Mo ké "Háà!", Ìyá Ṣàídì náà ké "Allāhu Akbar!", Brother Fẹ́mi sì ki orin ìyìn bọlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan.

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní "Ó yá", wọn á wà á. Tí mo bá ní "Kọ́là", ìyẹn ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti mọ̀ pé kí wọ́n rọra. Brother Fẹ́mi máa ń gùn ún láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí ọkọ mi bá dé ní Sátidé, òun ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí Ìyá Ṣàídì dá ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ata wá lọ̀, á ní kó lọ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ Ìyá Tómiwá kó tó kàn án! Àwọn obìnrin á ká ìró sókè, wọ́n á máa wà á, wọ́n á máa ròyìn ilé ọkọ fún mi. Ẹlòmíì, wọ́n ti lọ ata rẹ̀ tán, kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Onílé nìkan ni kò sún mọ́ ibẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kírun Àsárì tán, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ dìde. Ó ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gùn ún.  Ó kàn ń wà á, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà iwájú bíi pé ó ń lọ sóko. Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ geere tó tiẹ̀.

Orí rẹ̀ ló wà nígbà tí Màdáàmù ilé ìwé dé.

Wọ́n ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi kán. Ó ti bá télọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú, aṣọ rẹ̀ ló wá kó. Inú mi bà jẹ́, àmọ́ mi ò lè dá a lẹ́bi, ṣé èmi náà ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan lára èyí tí mo ti rán, ó yí i síta, ó yí i sínú, ó fa ojú rírán rẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Ẹsẹ̀ wo lẹ fi rán an?"

Mo nawọ́ sí Bàbá Onílé. Bàbá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹsẹ̀ tèmi ni. Ṣé kò dáa ni?"

Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí ìtì aṣọ. Nígbà tó nu ojú tán, kò mú aṣọ kankan lọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tíṣà méjì láti ilé ìwé rẹ̀ dé, wọ́n ní Màdáàmù ní káwọn wá bá mi gán bọ́tìnnì.

A rán an tán kí ilé ìwé tó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, wọ́n gbé àga mi síta. Àwọn ọmọ ń kọjá nínú aṣọ búlúù wọn, Bàbá Onílé sì jókòó tì mí, ó ń nàka, "Ìyẹn, èmi ni mo wa tiẹ̀ o! Tọ̀hún yẹn náà, èmi ni!" Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ẹsẹ̀ mi san, wọ́n tú POP. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àfi bí ìyá kan ṣe mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti àdúgbò Pleasure. Lọlá lorúkọ ọmọ náà, ó ti bàlágà dáadáa, rọpárọsẹ̀ ti bá a lẹ́sẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Télọ̀ ló fẹ́ kọ́, gbogbo ibi tó lọ ni wọ́n ti ní kí ló fẹ́ fi tẹ máṣíìnì. Ìyá rẹ̀ ní àwọn gbọ́ pé máṣíìnì kan wà lọ́dọ̀ mi tí kò nílò ẹsẹ̀ ẹni tó ń rán an.

Mo gbà á. Ìyá rẹ̀ ló ń wa kẹ̀kẹ́ fún un ní gbogbo ìgbà tó fi ń kọ́ṣẹ́. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn títí tó fi dàgbà ló tún ń wa kẹ̀kẹ́ fún un báyìí. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, tó gba fúrídọ́ọ̀mù, Bàbá Onílé ní kó máa gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ ẹnì kan, irin kan wà lẹ́yìnkùlé ẹlòmíì, ẹsẹ̀ tó le wà lára ẹnì kẹta. Tí oníkálùkù bá di tiẹ̀ mú, gbogbo wa la máa jókòó ti ìṣòro wa. Ẹni tó bá yọ̀ǹda èyí tó fẹ́ràn, bíi ti Bàbá yẹn, òun ló ń ṣí ọ̀nà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti bá yín wa kẹ̀kẹ́ rí lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín ò gbé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ dárúkọ wọn. Mò ń retí rẹ̀, màá sì kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àti pé aṣọ tí Lọlá kọ́kọ́ dá rán fúnra rẹ̀? Ìró àti bùbá ni. Ìyá rẹ̀ ló rán an fún. Obìnrin náà wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kò bọ́ ọ mọ́ títí wọ́n fi dé Pleasure.